Òyìnbó Kétu yàtọ̀ sí òyìnbó Ìmẹ̀kọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí òyìnbó ṣe gba ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà: pé ìkan náà ni gbogbo òyìnbó, pé ohun tí wọ́n ṣe níbì kan ni wọ́n ṣe níbi gbogbo. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí, ẹ̀bá ẹnubodè ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá dàgbà síbi tí mo dàgbà sí kò lè gba ọ̀rọ̀ yẹn.

Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ni orírun wa. Kí òyìnbó tó dé, Alákétu ni olórí, abẹ́ rẹ̀ ni Onímẹ̀kọ wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lókè òkun, wọ́n fa ìlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò bi Alákétu léèrè. Kò tilẹ̀ sí Alákétu lórí oyè tí wọn ì bá bi, torí pé ogun Dàhòmì ti tú Kétu pátápátá ní 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Faransé ló ṣẹ́gun Abomey ní 1892. Ìgbà náà làwọn ará Kétu tó wà lóko ẹrú rí ọ̀nà wálé, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, tí wọ́n sì fi Alákétu mìíràn jẹ ní 1894. Ẹni tó já okùn ẹrú lọ́rùn ẹni, báwo lèèyàn ṣe máa yọ idà sí i lọ́jọ́ kejì? Ìdí nìyẹn tí Faransé fi wọ Kétu wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Kétu, kò jẹ gbèsè ọpẹ́ kankan, wọn ò sì ní ọba ńlá kan tí Faransé lè tipasẹ̀ rẹ̀ mú gbogbo wọn. Ilẹ̀ dúdú tí ẹsẹ̀ àlejò ń rì sí ni ilẹ̀ wọn nígbà òjò. Ní 1914, wọ́n dìde ogun sí Faransé, kò sì rọrùn láti ṣẹ́ apá wọn.

Àwọn ará Kétu náà kò pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀gá mìíràn ló dé. Láti 1899 ni Faransé ti ń gba owó orí ní Dàhòmì, orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ Benin nígbà náà. Wọ́n ń kó èèyàn lọ la ọ̀nà láìgba kọ́bọ̀, iṣẹ́ tipátipá yìí kò sì dópin lábẹ́ òfin títí di 1946. Nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun. Ìgbà náà ni bàbá bàbá mi sá. Àdá kan, aṣọ ìbora kan àti iṣu méjì ló gbé dání, ó gba inú igbó lóru, ilẹ̀ mọ́ bá a ní Ìmẹ̀kọ. Àbúrò rẹ̀ ní òun ò lè fi ìyá àwọn sílẹ̀.

Mi ò sọ pé aláàánú ni Gẹ̀ẹ́sì o. Àwọn Ìjẹ̀bú rí ìbọn wọn ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, Ọ̀yọ́ rí i ní 1895. Ìgbà tí wọ́n gbé owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun Adubi ló bí. Àmọ́ ẹ̀yìn ọba ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń dúró sí. Onímẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀ wá di ọba tó dá dúró, nígbà tí Alákétu fúnra rẹ̀ di ẹni tí ọ̀gá Faransé ń rán níṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì gbé Aláàfin ga débi pé Ìbàdàn, tí apá rẹ̀ ti ká ogun tó pọ̀, wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ títí di 1934. Ibòmíràn, ilẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà: ní òkè Kenya tó tutù, wọ́n pín ilẹ̀ àwọn Kikuyu fún àgbẹ̀ òyìnbó. Ibà tiwa ò jẹ́ kí wọ́n rójú ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.

Ọmọ ọmọ àbúrò bàbá bàbá mi yẹn, ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ. A, b, d ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé fún mi ní Ìmẹ̀kọ. Ní tirẹ̀, Faransé ni láti ọjọ́ kìíní, ọmọ tó bá sì sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ìwé, wọ́n á fi nǹkan ẹ̀sín kọ́ ọ lọ́rùn. (Àwa náà san owó fanákúlà, ìyẹn owó ìtanràn fún sísọ Yorùbá, ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n a ti mọ Yorùbá kà kó tó dìgbà náà.) Nígbà tí a ń sin bàbá rẹ̀, mo gbé ìwé ètò ìsìnkú tí a fi Yorùbá tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin tó lè ki oríkì Kétu láti àárọ̀ dọ̀sán ni o. Ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, ó ń pè é bí ẹni pe Faransé, ó dúró, ó sì dá ìwé padà fún mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á.”

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa òyìnbó, ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan dé Kétu, dé Sábẹ̀ẹ́, dé Pobẹ̀. Kò ní wá ògbufọ̀. Àwọn àgbà tí bàbá wọn la ọ̀nà yẹn ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ mọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìmẹ̀kọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn