Owó Ìgò Ni Kí Wọ́n Gbà Létíkun

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú tó ń bí mi láti ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde kò tíì rọ̀.

Ọjọ́ náà ni àwa ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa kó àwọn ọmọ láti Ọ̀yọ́ lọ sí etíkun kan ní Èkó. Ọdún kan gbáko la fi dá owó ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò rí òkun rí. A sanwó lẹ́nu ọ̀nà, orí ni wọ́n ń kà, tọmọdé tàgbà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n sáré dé etí omi tí ọmọ ọmọ mi fi figbe ta. Àfọ́kù ìgò ti gé e látẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Gèlè mi ni mo fi di ojú egbò náà.

Ìgbà náà ni mo wá wo ilẹ̀ dáadáa. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike omi, ìdérí ìgò, pámpásì, egungun ẹran, abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì. Abọ́ fóòmù yìí kan náà ni ìjọba Èkó kéde nínú oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ti fòfin dè! Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n nítòsí wa, ọ̀rá ni wọ́n ń yọ sọnù kí wọ́n tó rí ẹja wẹ́wẹ́ mú. Etí omi náà ni wọ́n sì ń jù ú sí, kí ìgbì tún wá gbé e lọ.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbowó pé ta ló ń gbálẹ̀ ibí. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Bó bá di ti owó gbígbà, gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà. Bó bá di ti ilẹ̀ gbígbá, ìpínlẹ̀ á ní ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, ìjọba ìbílẹ̀ á ní ti onílẹ̀ ni, onílẹ̀ á tún nawọ́ sí ìpínlẹ̀. A sanwó, Olóòtú. A sanwó kí a tó wọlé.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan ará Ọ̀yọ́ nínú etíkun Èkó. Odò Ògùn tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lókè níhìn-ín ṣàn, tó gba inú igbó Ọ̀yọ́ Ilé kọjá, tó gba Abẹ́òkúta, inú ọ̀sà Èkó ló ń dà sí, ọ̀sà sì ń wọ òkun. Ọ̀rá tí àgbàrá òjò bá gbé wọ odò yẹn, ta ló mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí? Ẹ lọ wo gọ́tà Akẹ̀sán lọ́jọ́ ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta mínírà ní Owódé. Nígbà tó jẹ́ pé inú ìgò ni gbogbo mínírà wà, ẹ kì í rí ìgò nílẹ̀ ládùúgbò wa. Owó ìgò ló fà á. Ẹni tí kò bá mú òfìfo ìgò wá, àfi kó fi owó ìgò sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tó bá dá ìgò padà ló máa gba owó rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbàgbé ìgò sóde ìnáwó, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò á ti ṣà á. Kò sí wolé-wolé tó ń lé ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ike dé, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́, ni ilẹ̀ bàjẹ́.

Kí wọ́n gbé ètò owó ìgò yìí dé etíkun, kí wọ́n máa fi gba owó ike. Lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó wa yẹn, kí wọ́n ka ike tí kálukú gbé wọlé, kí wọ́n gba náírà 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń tajà nínú ibẹ̀, kí wọ́n fi owó ike kún iye ọjà wọn. Kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sára ike náà, kí ẹnìkan má lọ kó ike ilé rẹ̀ wá gbowó. Nígbà tí a bá ń jáde, a ó dá ike padà, a ó gba owó wa. Èyí tí olówó bá jù sílẹ̀, ẹni tó nílò owó á ṣà á. Jámánì ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ike láti ọdún 2003, sẹ́ǹtì 25 lórí ẹyọ kan. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nìkan ni mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa kà. Bóyá kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní kílò.

Kí wọ́n gbé garawa ìdalẹ̀nù síbẹ̀ pẹ̀lú. Méjì péré la rí, méjèèjì ti kún. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìgò ọtí dórí yanrìn mọ́.

Bó bá ṣeé ṣe lọ́hùn-ún, kí wọ́n gbé e wá sí Ọ̀yọ́ náà nígbà ọdún Ṣàngó, tí àlejò bá kún ìlú.

Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń jinná. Ẹgbẹ́ wa tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọkọ̀ ti ọdún tó ń bọ̀. Kí àwọn tó gbowó lọ́wọ́ wa fèsì kó tó pé.

Èmi ni,
Ìyá Onímínírà,
Owódé, Ọ̀yọ́.