Erinmi kì í ṣe ẹbí erin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú abala àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kọ ọ́ pé erinmi ni àbúrò erin ọ̀dàn tó lọ ń gbé inú omi. Orúkọ ló ṣì yín lọ́nà. Títóbi ara rẹ̀ ni àwọn baba wa rí tí wọ́n fi pè é ní erin omi. Wọn kò sọ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Nínú gbogbo ẹranko tó ṣẹ́kù láyé, àbùùbùtán inú òkun ló bá erinmi tan jù.

Kódà, erin mọ̀wẹ̀ ju erinmi lọ. Erin a léfòó, a na ọwọ́jà rẹ̀ sókè láti fi mí, a sì wẹ odò já. Egungun erinmi wúwo, kò lè léfòó. Ìsàlẹ̀ odò ló ń fẹsẹ̀ tì, tó fi ń ta síwájú. Bí ó bá tó bí ìṣẹ́jú 5, ó di dandan kó yọrí wá mí.

Pé erinmi ń làágùn ẹ̀jẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń sọ, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oje kan ló ń sun lára rẹ̀: kò láwọ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni yóò pọ́n. Òun ló ń gba awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti kòkòrò àrùn. Erin kò ní irú rẹ̀, ẹrẹ̀ àti eruku ló ń fi para.

Ilẹ̀ ni erinmi ti ń jẹun, lóru, nǹkan bí 40 kílò koríko. Erin a máa jẹ tó 150 kílò lóòjọ́, torí oúnjẹ kì í pẹ́ nínú rẹ̀, ó sì ju ìdajì lọ tí kì í dà. Àpòlúkù erinmi ní yàrá 3, oúnjẹ ń pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ kì í jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwòrán tí ẹ fi sí i, tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé erinmi ń yán. Kì í ṣe oorun ló ń kùn ún. Eyín ló ń fi hàn, èyí tó lè gùn tó 50 sẹ̀ńtímítà bí a bá ka gbòǹgbò mọ́ ọn, ìkìlọ̀ sì ni. Àwọn ọmọ tó ń gbé ní agbègbè Borgu, níbi tí erinmi wà nínú odò Oli, lè ka ìwé ìròyìn yín. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé bí erinmi bá ń ti ìdí koríko bọ̀ ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró láàárín òun àti omi. Ó yára ju ènìyàn lọ, ọ̀nà omi náà ló sì mọ̀ pé òun lè sá gbà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko,
Ìbàdàn.