Ojú Tí A Mọ̀, Orúkọ Tí A Kò Mọ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó gbé e sílẹ̀. Inú mi dùn pé ara ìyá ti ń balẹ̀, pé wọ́n ti ń jókòó síta nírọ̀lẹ́. Bá mi kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kékeré tí o fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n tètè sùn. O ní o wo Everything Everywhere All at Once, o ní bàbá arúgbó tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nínú eré náà, o ti rí ojú rẹ̀ níbì kan rí, o ronú ronú, kò wá sí ọ lọ́kàn. O wá bi mí pé, ta ni bàbá yìí ná?

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ ọ́n. Èmi àti ìwọ la jọ sá fún un. Ṣé o rántí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí ẹ̀gbọ́n rẹ yá wá, tí a wò lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti sùn, tí a dín ohùn tẹlifíṣàn kù títí tó fi jẹ́ pé ẹnu àwọn òṣèré là ń wò ká tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tó gbẹ bí ẹni tí wọ́n hú láti inú sàréè, orí kẹ̀kẹ́ arọ lòun náà wà, àfi bó ṣe di òru tó tún di oṣó gíga tí iná ń jáde lójú àti lẹ́nu rẹ̀, tó ń wá ọmọge olójú àwọ̀ ewé tí yóò fi ṣaya. Lo Pan! Ìwọ lo fi ìrọ̀rí bo ojú, èmi ni mò ń sọ fún ọ pé ó ti lọ, kò sì tíì lọ.

Òun náà ni. James Hong lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1986 ni Big Trouble in Little China, fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, jáde, 2022 ni èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wò. Ọdún 36 ló wà láàárín wọn, orí kẹ̀kẹ́ arọ la sì ti bá a nínú méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, kò tíì pé ẹni 60 ọdún, àwọn oníṣẹ́ ìkunjú ló sọ ọ́ di arúgbó. Nígbà kejì, ó ti lé ní 90, ọjọ́ orí tirẹ̀ gan-an ló gbé wá síbi iṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ bó ṣe yẹ, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti gba lẹ́tà rẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń wò lálaalẹ́.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1929 ni wọ́n bí i, ní ìlú Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Hong Kong làwọn òbí rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ sì ń ta egbòogi. Fi í sọ́kàn pé òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1882 láti sé ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà; 1943 ni wọ́n tó wọ́gi lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ọmọ ilẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ náà ń sọ pé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń ṣílẹ̀kùn fún. Mo máa ń ro ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ọmọdé. Wọ́n tún gbé e lọ sí Hong Kong ní kékeré kó lọ kàwé. Ọmọ ọdún 10 ló padà, ó wá bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ lẹ́nu wọn, tí tirẹ̀ kò sì yọ̀. Ìwọ tí o ti jókòó rí láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ọ. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹnu àti ojú ènìyàn, tí a ó sì gbé e wọ̀ bí aṣọ.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́, ti ojú ọ̀nà àti afárá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, ó sì parí rẹ̀ ní University of Southern California. Wọ́n mú un ṣe ṣọ́jà nígbà ogun Kòríà, àmọ́ àgọ́ ọmọ ogun kan ní Alabama ló wà, tó ń ṣe eré dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lára yá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹnjiníà ojú ọ̀nà fún ìjọba Los Angeles County, ó sì ń fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ lọ ṣe eré. Ní 1954, ó lọ sórí ètò tẹlifíṣàn Groucho Marx, gbajúmọ̀ aláwàdà, ó sì ń sín Groucho fúnra rẹ̀ jẹ lójúkojú. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Clark Gable, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré, ti wà nínú fíìmù kan náà, Soldier of Fortune. Ó fi títì sílẹ̀ fún àwọn tó kù kí wọ́n máa là á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí nìyí. Àwa máa ń sọ pé bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní Hollywood ayé ìgbà náà, àdán ń fò lójú wọn gbàǹgbà, òòbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣẹbọ. Ní 1937 tí wọ́n ṣe The Good Earth, tó dá lórí ìdílé àgbẹ̀ kan ní Ṣáínà, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ọkọ, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe aya, Luise Rainer tó ṣe aya sì gba Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Anna May Wong wà níbẹ̀, ọmọ ará Ṣáínà tí wọ́n bí sí Los Angeles, tí ayé ti mọ̀ dáadáa. Ogún ọdún kọjá, kò tíì yí padà. Ní 1957, nígbà tí Hong rí ipa tó dúró ṣinṣin lórí tẹlifíṣàn, nínú The New Adventures of Charlie Chan, wo bí wọ́n ṣe pín in: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Ṣáínà ni bàbá, J. Carrol Naish tí ìran rẹ̀ ti Ireland wá ni wọ́n kun lójú láti ṣe é. Hong ló ṣe ọmọ. Ọmọ tó ní bàbá tirẹ̀, ará Ṣáínà pọ́ńbélé, ló wá ń dúró níwájú kámẹ́rà tó ń pe òyìnbó tí wọ́n kun lójú ní bàbá. Mo wo díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì pa á.

Èyí tó kù fún àwọn òṣèré bíi tirẹ̀ kò pọ̀: agbáwo ní ilé oúnjẹ, alágbàfọ̀, ìránṣẹ́, ọ̀daràn tó ń rẹ́rìn-ín ìkà. Àwọn kan wà nínú ipa tó ṣe tí kò dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀ ọ́ nígbà náà ń padà sílé ni, Hong kò sì fẹ́ padà sílé. Nígbà tí wọ́n ń sọ fíìmù Godzilla ti àwọn ará Japan di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1956, òun àti òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sammee Tong, ni wọ́n pín ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn inú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Ó ń di ẹni yìí, ó ń di ẹni yẹn. Ní 1965, òun àti Mako àti àwọn òṣèré mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà ti sú kó ara wọn jọ ní Los Angeles, wọ́n dá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé tiwọn sílẹ̀, East West Players. Eré Rashomon ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Níbẹ̀, ará Éṣíà lè jẹ́ ọba, ó lè jẹ́ olólùfẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tí eré dá lé lórí. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà di òní. Bí wọ́n bá ní kí n mú nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni n ó mú, ṣáájú fíìmù èyíkéyìí.

O mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń pe òṣèré tó kàn gba iwájú kámẹ́rà kọjá: wákà-páàsì. Bí o bá fi aago ka iṣẹ́ Hong, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, wákà-páàsì ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nínú Chinatown ti 1974, òun ni ìránṣẹ́ ilé tó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe àtẹ̀lé eré náà ní 1990, wọ́n padà wá a. Nínú Seinfeld, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣàn, ní 1991, òun ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, tí ebi ń pa àwọn mẹ́ta níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń bi í léraléra ìgbà tí tábìlì yóò ṣí sílẹ̀. Ìdáhùn kan náà ló ń fún wọn látòkèdélẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti jáde tán ló wá pe orúkọ wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Èyí tí mo fẹ́ kí o wò pẹ̀lú sùúrù ni Blade Runner ti 1982. Orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni Chew, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa ṣe ojú fún àwọn ènìyàn àtọwọ́dá. Inú yàrá yìnyín ló ti ń ṣiṣẹ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti inú eré nìkan, ilé ìkó-nǹkan-tutù gidi ni wọ́n ti yà á. Èéfín tí o rí lẹ́nu rẹ̀, èémí rẹ̀ ni. Ó wọ ẹ̀wù onírun ńlá tí wọ́n so rọ́bà mọ́ láti fi mú un móoru, ó ń fi awò wo ojú kan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn méjì wọlé. Ọ̀kan fà á ní ẹ̀wù ya, òtútù sì wọlé sí i lára. Dá eré náà dúró níbẹ̀, kí o wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, èyíkéyìí òṣèré lè ṣe ìyẹn. Àmọ́ nígbà tó tẹjú mọ́ ọkùnrin tó wá bá a jà, tó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló wà lójú ọkùnrin náà, nǹkan mìíràn yọ pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn: ó ń yangàn. Ó ń gbọ̀n, ó sì ń yangàn. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́ nínú fíìmù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà lóru ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ tó ti ṣe nínú fíìmù àti tẹlifíṣàn ju 400 lọ. Síbẹ̀, ọdún lọ, ọdún bọ̀, kò ní ìràwọ̀ lórí Hollywood Walk of Fame, ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ sínú ìràwọ̀ lórí ilẹ̀. Daniel Dae Kim, òṣèré tí wọ́n bí ní Kòríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020 kí àwọn ènìyàn dá owó rẹ̀. Dọ́là 55,000 ni wọ́n ń wá, ọjọ́ díẹ̀ ló pé. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ìràwọ̀ náà, ó ti di ẹni ọdún 93. Inú mi dùn, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ìràwọ̀ yẹn pẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, mélòó ló kù tó lè wá bá a yọ̀?

Nígbà tí àjọ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà fún gbogbo wọn tó ṣe fíìmù tí o wò yẹn ní àmì ẹ̀yẹ ní oṣù Kejì ọdún 2023, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 94 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni. Ó sọ̀rọ̀. Ó rán wọn létí Clark Gable, ó rán wọn létí àwọn tí wọ́n ń fi nǹkan lẹ ojú láti ṣe ará Éṣíà, nítorí àwọn aṣàgbéjáde ní àwọn ará Éṣíà kò dára tó, pé wọn kò lè pa owó wọlé. Ó wá ní kí wọ́n wo àwọn báyìí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Oṣù tó tẹ̀ lé e, fíìmù náà gba Oscar 7.

Ó kù nǹkan kan, mo sì fi í pamọ́ fún ọ. Ọmọ rẹ fẹ́ràn Kung Fu Panda, àbí? Bàbá páńdà náà, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá yẹn, tó ń ta ọbẹ̀ onínúdù, tó rí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ tó sì tọ́ ọ bí ọmọ, ta ni o rò pé ó ni ohùn yẹn? Láti 2008 ni, ó sì tún ṣe apá kẹrin tó jáde ní 2024, ní ẹni ọdún 95.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, gbé fíìmù náà sí i, kí ìwọ dijú, kí o máa gbọ́ ohùn nìkan. Lẹ́yìn náà kí o sọ fún un pé bàbá ẹyẹ yìí ló lé ìyá rẹ̀ wọ abẹ́ ìrọ̀rí nígbà kan. Kí o pè mí lójú ẹsẹ̀, mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ohun tó máa sọ.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ àtọdúnmọ́dún.