Wọ́n ti kọ́lé dí ojú òjò

Ìbàdàn,
4 oṣù Karùn-ún.

Àyọ̀ká, ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o. Àbí ooru ti dé ọ̀dọ̀ yín? N ò tiẹ̀ mọ ohun tí a fi ń kí yín mọ́. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, mo sì rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kò ṣe é sọ lórí fóònù. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá máa ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Wọ́n ti kọ́lé dí ojú òjò, ibi tí èmi àti ìwọ ti máa ń wo òjò tó bá ń bọ̀, tí mo ti ń ya fọ́tò mànàmáná. Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé Àlàájà níbí ní Mọ́kọ́lá, ibi tí bàbá yẹn máa ń gbin àgbàdo sí, ẹnì kan ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin síbẹ̀. Gbogbo ìhà ìlà-oòrùn, láti Yemẹtu títí dé apá Ìwó Road, bíríkì ni mo ń wò. Ìhà ibẹ̀ náà sì ni òjò oníjì ti ń wọ Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ òkè ló ń tì í bọ̀ látibẹ̀. Bó bá ń bọ̀ báyìí, aṣọ sísá ni mo fi ń mọ̀: bí ìyàwó tó wà lájà kẹta bá ti sáré jáde wá ká ìlédìí ọmọ rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti dé. Àlàájà ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní ilé náà ń ṣíji bo àwọn.

Ìwọ tí o wà ní Saskatchewan, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ bí ẹní, tí o ní èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó máa wo òjò ìlú kejì, o ò lè mọ ohun tí ojú mi ti rí láti oṣù Kẹta tí mo ti ń wá ibòmíràn kiri.

Mápó ni mo kọ́kọ́ lọ. N ò ní parọ́, ibẹ̀ dára. Gbọ̀ngàn yẹn ti wà lórí òkè láti ọdún 1929, àfi bí ẹni pé ayàwòrán ló bá wọn yan ilẹ̀. Páànù Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ta sí i láti ẹ̀yìn rẹ, tí ojú ọ̀run iwájú sì ṣú dẹ̀dẹ̀, ṣe ni páànù náà á máa dán bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí èmi àti ìwọ ò mọ̀ ní gbogbo ọdún yẹn: a máa ń tètè lọ sílé jù. Òjò tó bá ti kọjá lórí ẹni, ọ̀nà Dùgbẹ̀ ló ń gbà lọ. Bí àrá ìkẹyìn bá ti sán tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, jáde padà, kọ ẹ̀yìn síbi tó ti wá. Mànàmáná á máa kọ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Kòkó Háòsì, gbogbo àjà 26 náà á rí bí igi ìṣáná, ẹ̀kán òjò kan ò sì ní kàn ọ́. Mo fọwọ́ yí lẹ́ǹsì títí iná Dùgbẹ̀ fi mọ́ dáadáa, torí kámẹ́rà kì í mọ ohun tí yóò wò nínú òkùnkùn, mo fi í sí ISO 100 àti f/8 kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé jù, mo la ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì 20. Mànàmáná mẹ́ta ló wọ inú àwòrán kan ṣoṣo. Òun lo rí tí o ní ṣé kì í ṣe ayédèrú. Ayédèrú ni irun orí rẹ.

Mo dé Ẹlẹ́yẹlé náà. Bí o bá dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn adágún tí wọ́n sé lọ́dún 1942 yẹn, orí omi ni òjò á gbà wá bá ọ. Ojú omi á kọ́kọ́ pa rọ́rọ́, á dúdú bí aró, kí atẹ́gùn tó wá da ara bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ orúkọ bàbá ẹni. Bàbá apẹja kan sì bi mí pé, "Kí lẹ ń sọ́ níbí, àǹtí?" O ṣáà mọ ẹnu ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Mo ní òjò ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lọ́kọ.

Ìyá Ìbejì ti bímọ míì, ẹyọ kan ló wá lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin. Owó gàárì ò ṣe é sọ. Bùọ̀dá onísúyà ṣì ń béèrè rẹ.

Ó ku ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ sí Òkè Àrẹ. Kì í ṣe irú ti ìgbà bàtà yẹn o, má rẹ́rìn-ín. Mo gbé sítáǹdì kámẹ́rà kalẹ̀ lórí koríko, ẹ̀gbẹ́ Layípo, ilé ìṣọ́ gíga yẹn, òjò ń bọ̀ láti apá Ìwó Road, ó rí bí ògiri, eruku pupa ń yí lábẹ́ rẹ̀. Mànàmáná kọ, mo kà á: sẹ́kọ́ńdì 42 kí àrá tó dún. Ìyẹn kìlómítà mẹ́rìnlá. Òmíràn kọ, 33. Ìkẹta, 24. O mọ òfin wa, bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ ọgbọ̀n, à ń lọ nìyẹn. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ ọ pé orí òkè, ẹ̀gbẹ́ ilé gíga, irin lọ́wọ́ ẹni! Mo ní ẹyọ kan sí i.

Àyọ̀ká, irun apá mi dìde. Mo wò ó báyìí, ó dúró ṣánṣán. Sítáǹdì wá ń kùn bí oyin. N ò ronú, mo fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo sá. N ò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ojú ọ̀nà tó fi sán. Àrá àti mànàmáná jọ dé ni, kò sí nǹkan kan láàárín wọn tí èèyàn lè kà. Igi kan nísàlẹ̀ òkè ló gbà á. Èèpo rẹ̀ bó láti òkè dé ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Máíkírà kan dúró, mo já wọ inú rẹ̀, mo ní kí awakọ̀ ti fèrèsé kí ó má sì fọwọ́ kan irin. Àlẹ̀mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lójú gíláàsì rẹ̀ o, ṣùgbọ́n "Kábíyèsí!" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ títí òjò fi dá. Ọwọ́ mi ṣì máa ń gbọ̀n nígbà mìíràn, bí mo bá fẹ́ da tíì.

Mo padà lọ gbé kámẹ́rà. Kò kú, omi ló wọ̀ ọ́, mo bá rì í sínú ìrẹsì. Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá lọ wọn ìrẹsì, ọwọ́ wọn ba lẹ́ǹsì. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ, Màmá kì í bá òjò ṣeré. Bí àrá bá sán báyìí, wọ́n á daṣọ bo dígí. Wọn ò tíì bá mi wí. Wọ́n kàn ní àwọn á pe Àyọ̀ká lọ́jọ́ Àìkú. Jọ̀ọ́, má parọ́ fún wọn, wọ́n á mọ̀. Sọ ti Mápó, sọ ọ́ dáadáa, kí o má ṣáà dárúkọ Òkè Àrẹ.

Ohun kejì. Mo ti rò ó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yín ni. Bí mo bá jáde, kí n máa pè ẹ́. Màá ní "ó kọ," ìwọ á máa kà títí wàá fi gbọ́ àrá nínú fóònù, bí kò bá pé ọgbọ̀n, pariwo mọ́ mi. Bú mi tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo máa ń kà á nígbà yẹn, èmi á kàn máa ya fọ́tò. N ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ìyàwó àjà kẹta ti sáré jáde, ó ń ká ìlédìí. Jẹ́ kí n lọ bá Màmá bo dígí.

Èmi ni,
Fọlákẹ́ rẹ.