Káńsù ló yẹ kó sọ iye ilé tẹ́tẹ́ tó lè wà ládùúgbò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ yéé tojú bọ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, pé owó àgbàlagbà ni, kó fi ṣe ohun tó bá wù ú. N ò bá a jiyàn lórí owó àgbàlagbà. Àmọ́ ohun tó wà níwájú káńsù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan àti àpò rẹ̀. Iye ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ àti iye ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n máa gbà láyè ládùúgbò kan ni, kò sì sí ẹnì kan tó ń ta tẹ́tẹ́ tó lágbára lórí ìyẹn.

Ẹni tí kò bá dúró ti ẹ̀rọ yìí rí lè rò pé eré lásán ni. Èèyàn á fi ọgọ́rùn-ún ta, á tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á dá ogójì padà fún un. Ọgọ́ta ti lọ. Síbẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú, orin á gbòde, gbogbo ojú ẹ̀rọ á máa bá a yọ̀ bíi pé ó jẹ. Kó tó ṣírò ohun tó pàdánù, ìka rẹ̀ ti padà sórí bọ́tìnì. Bí àwòrán mẹ́ta bá ní láti bára mu, méjì á dúró, ìkẹta á yẹ̀ bín-ń-tín, á wá máa sọ fún ara rẹ̀ pé ó kù díẹ̀. Kò kù díẹ̀ kankan. Ní kété tó ti tẹ bọ́tìnì ni ẹ̀rọ ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa. Mo ti rí ẹni tó jókòó tì í tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an tí kò gbọ́.

Ẹ wo ilẹ̀ Bìrìtéènì. Òfin wọn ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lọ. Ó dùn ún gbọ́. Kí làwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ṣe? Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì àti ìkẹta sójú títì kan náà, mẹ́rin níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, wọn ò sì rú òfin kankan. Lórí ẹ̀rọ náà nígbà yẹn, èèyàn lè fi pọ́ùn 100 ta ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 20, ìyẹn pọ́ùn 300 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Àwọn káńsù pariwo títí, ṣùgbọ́n Òfin Tẹ́tẹ́ ọdún 2005 ti dì wọ́n lọ́wọ́: ó ní kí wọ́n máa fojú sí àtifúnni láṣẹ, kò sì gbà kí wọ́n kọ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ jù. Ó di ọdún 2015 kó tó di dandan ní England pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ìlò ilé náà lọ́wọ́ káńsù. Ó sì di oṣù kẹrin ọdún 2019 kí wọ́n tó já pọ́ùn 100 yẹn wálẹ̀ sí pọ́ùn 2. Ta ló máa dá owó tó bọ́ sọnù láàárín ọdún wọ̀nyẹn padà fáwọn ìdílé tó ni ín?

Ìjọba àpapọ̀ lè ka ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù kan. Káńsù ló mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló dojú kọ ibi táwọn ọmọ iléèwé ti ń wọkọ̀.

New Zealand ló ṣe ohun tó sún mọ́ èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 sọ ọ́ di dandan fún káńsù kọ̀ọ̀kan láti ní ìlànà tirẹ̀ lórí ibi tí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lè wà, kó wo ohun tó máa fà fáwọn ará ìlú, kó sì máa yẹ ìlànà náà wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ilé tuntun kò gbọ́dọ̀ ní ju ẹ̀rọ 9 lọ. Àwọn tó ti gbàṣẹ títí di ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2001 lè ní tó 18. Ọ̀pọ̀ káńsù níbẹ̀, Auckland pẹ̀lú, wá fi kún un pé kò sí àṣẹ tuntun mọ́: bí ilé kan bá kógbá sílé, àṣẹ ẹ̀rọ rẹ̀ bá a lọ nìyẹn, ẹlòmíì kò lè jogún rẹ̀. Ó máa ń falẹ̀, torí káńsù ò lágbára láti gbàṣẹ padà lọ́wọ́ àwọn tó ti ní in. Ìdí tí mo fi ní ká tètè bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Wọ́n á ní owó ẹ̀rọ ló ń ra bọ́ọ̀lù fáwọn ọmọ àdúgbò. Lóòótọ́, òfin New Zealand ní kí ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ìlú. Àmọ́ àdúgbò tí nǹkan ò ti rọ̀ṣọ̀mù ni ẹ̀rọ náà pọ̀ sí jù. A gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá, a wá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra aṣọ eré fọ́mọ rẹ̀, a sì ní kó dúpẹ́.

Àwọn míì ní ṣebí orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń ta tẹ́tẹ́ báyìí. Torí pé olè lè gba ojú fèrèsé wọlé kọ́ lèèyàn ṣe ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ní Norway, wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kúrò nílẹ̀ lọ́dún 2007. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń ta á ló wá ibòmíì lọ. Àwọn tó ń pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ nítorí tẹ́tẹ́ dín kù.

Kí káńsù gbé ìlànà tiwọn jáde kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ mìíràn. Kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara ilé tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ di ilé tẹ́tẹ́, kí ìjókòó tí káńsù máa ṣe lórí rẹ̀ sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà táwọn òṣìṣẹ́ ti dé látibi iṣẹ́. Olóòtú, bí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá dé ọ́fíìsì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín