Shetland, ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka èyí tẹ́ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ará Scotland tó kàn ń wọ aṣọ Viking (àwọn jagunjagun orí omi láyé àtijọ́ láti Norway àti Denmark) ṣeré làwọn ará Shetland, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland. Háà, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Aberdeen ni mò ń gbé, ibí lọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Lerwick, olú ìlú Shetland, ti máa ń gbéra lálẹ́ táá sì mọ́jú sórí omi, èmi náà tẹ̀lé obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sílé wọn ní Jánúárì 2023.

Norway ló ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n fi dógò ni. Christian Kìíní tó jọba lé Denmark àti Norway lórí ń fi ọmọ ẹ̀ Margaret fún James Kẹta ọba Scotland, lọ́dọ̀ tiwọn bàbá ìyàwó ló ń sanwó (ẹ ò rí ayé!), owó ò sí lọ́wọ́ ọba, ló bá fi Orkney, àwọn erékùṣù tó wà nítòsí Shetland, dógò ní 1468, nígbà tó di 1469 ó tún fi Shetland lé e fún florin (owó wúrà ayé ìgbà yẹn) 8,000. Kò rówó gbà á padà títí dòní. Ìyẹn ló fà á tí àgbélébùú ara àsíá wọn fi dà bíi ti Norway, àmọ́ búlúù àti funfun Scotland ni àwọ̀ ẹ̀. Bergen ní Norway gan-an sún mọ́ wọn ju Edinburgh lọ. Èdè Norn tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ti kú, orúkọ ìlú àtàwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ṣẹ́kù. Nígbà ogun Hitler, ọkọ̀ apẹja tí wọ́n ń pè ní Shetland Bus ń kó ohun ìjà lọ sí Norway lóru, ó ń kó àwọn tó sá fún Jámánì bọ̀.

Up Helly Aa, ọdún iná tí wọ́n ń ṣe ní Lerwick ní Jánúárì, tẹ́ẹ ní ó ti wà látayé Viking, irọ́ ni jàre, àwọn ọdún 1880 ló di bó ṣe wà yìí, tẹ́lẹ̀ àgbá ọ̀dà tó ń jó làwọn ọmọ ìlú ń wọ́ kiri ìgboro. Ẹ bá wa tún ìyẹn kọ.

Àmọ́ iná yẹn ṣáà! Wọ́n pa gbogbo iná títì, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún gbé ògùṣọ̀, wọ́n yí ọkọ̀ onígi tí wọ́n ti ń kàn látọjọ́ yìí ká, wọ́n kọrin, wọ́n sọ iná sí i. Lẹ́yìn ẹ̀ ijó dàárọ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ pòtétò àti ẹran àgùntàn tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ kí wọ́n tó so ó rọ̀ sókè àjà, ata nìkan ló kù.

Ọdún 2023 yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin gbé ògùṣọ̀ ní Lerwick. Ìyá ọ̀rẹ́ mi yìí, ọbẹ̀ ló ti ń sè ní gbọ̀ngàn láti bí ọjọ́ pípẹ́, nígbà tí ọmọ ẹ̀ kejì gbé tiẹ̀ kọjá níwájú wa, omi ń dà lójú màmá, ó ní kẹrosíìnì ló kó sí òun lójú.

Ìyá Ìbejì, Aberdeen