Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Wẹ́dà Nípa Orúkọ Wa Tó Wà Lára Ògiri Ilé Ìwòsàn

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Àkúrẹ́.
Ẹ̀dà kan wà fún káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ọ̀kan sì wà fún olórí àdúgbò.

Bàbá wa, Alága wa,

Àwa ẹgbẹ́ wẹ́dà, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, láti Ìjọ̀kà dé Ọ̀dà, láti Arákàlẹ̀ dé Ìsínkàn, kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àga yín gbóná. A mọ̀ pé ẹ mọ̀ wá. Kò sí géètì tó ń ṣí tó ń tì ní Àkúrẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ ti olówó, ìbáà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, tí kì í ṣe ọwọ́ ọ̀kan nínú wa ló jó o. Ìlú tí kò bá ní wẹ́dà, gbayawu ni ilẹ̀kùn wọn ń sùn. A kò fi èyí ṣe fáàrí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe aláìníṣẹ́ ló ń kọ̀wé sí yín.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò wa ló gbé wa wá. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn alákòóso rẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ pé owó ilé ìwòsàn kò ká ìnáwó rẹ̀ mọ́, pé wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun. Inú wa dùn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, a sì rò pé ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́ òwe yẹn rí. Alága, akọ̀wé àti akápò wa ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n lọ. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n gbé bébà kan síwájú wọn pé kí ẹni tó bá ń wọlé kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bébà náà kò ní àkọlé. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fún wọn ní mítípáì kọ̀ọ̀kan àti omi inú ọ̀rá. Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ gbèsè, dísẹ̀lì àti owó oṣù fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tí akọ̀wé wa dìde láti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n ní àsìkò ti lọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó jù ú sínú àpótí. Ó kọ ọ́, ó jù ú sí i. (Àpótí yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di àná. Wọ́n ti gbé ìkòkò òdòdó lé e.)

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìpàdé ni a rí nǹkan. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì: láti oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò máa ti ilẹ̀kùn; káàdì N1,000 yóò di N3,000; ẹni tí wọ́n bá dá dúró sórí bẹ́ẹ̀dì yóò san owó dísẹ̀lì lọ́tọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn aṣojú aráàlú ti fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Wọ́n sì lẹ bébà tí wọ́n fi gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ ọn nídìí. Orúkọ alága wa ni ìkeje. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ ìfọwọ́sí rẹ̀, tó dà bí ẹja àrọ̀ tó ká.

Bàbá wa, orúkọ ìwọlé ni àwọn aṣojú wa kọ, wọn kò kọ orúkọ àdéhùn. Bí ẹni tó kọ orúkọ sínú ìwé àlejò níbi ìgbéyàwó bá ti di ọkọ ìyàwó, kí wọ́n wí fún wa, ká lè mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé wa kò ti fararọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní a tà wọ́n ní owó mítípáì. Ẹni tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ láti ọdún méjì ló ń pariwo jù, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi dá a lóhùn, nígbà tí ó ń na ìka sí ògiri?

Aago mẹ́fà yẹn dùn wá ju owó lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀. Iná kì í dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án. Aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń dé, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ jó géètì kó tún rí èrè? Ní oṣù tó kọjá, díìsì ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin fọ́ mọ́ ọmọ iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Ó là á lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn ara rẹ̀, ó fi dì í. Wọ́n gun ọ̀kadà, ọmọ wà láàárín, ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè bí ẹni gbé fìtílà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ọ́ ní abíyá. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nílé ìwòsàn. Kò sí iná. Ó ní kí ọ̀gá tan fóònù lé òun lórí, abẹ́ iná fóònù ló ti rán ọgbẹ́ náà, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọmọ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ká ní ilẹ̀kùn ti wà ní títì ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ń bá wọn wí, ẹ yọ nọ́ọ̀sì yẹn sọ́tọ̀.

A kò ní irọ́ ni wọ́n ń pa nípa owó. Àwa náà ń ra dísẹ̀lì. A mọ̀ pé owó oṣù tó kéré jù lọ ti di N70,000 láti ọdún 2024, a sì mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Ṣùgbọ́n rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú. Ní Àbújá lọ́dún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ni yóò máa lọ sórí ìlera. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ó kéré tán, fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. A kò sọ pé ó ti dé ọwọ́ yín o. Nínú èyí tó dé, èló ló yà sí ilé ìwòsàn wa? Ìbéèrè tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó nìyẹn.

Ní 2010 tí Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ ìyàwó wa bímọ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ọ̀hún ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wa báyìí.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ wa kúrò lára ògiri. Kí wọ́n dá títì aago mẹ́fà dúró ná. Kí wọ́n tún ìpàdé pè ní ọjọ́ Àìkú, tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè ráyè wá, kí wọ́n kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde ní èdè Yorùbá sójú pátákó. Bí ó bá jẹ́ iná ló ń dà wọ́n láàmú, kí wọ́n ra páànẹ̀lì sólà, àwa yóò jó irin tí wọn yóò gbé e lé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà la jó àgò irin tó yí jẹnẹrétọ̀ wọn ká, a kò gba owó iṣẹ́. Owó péńtì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn.

Nígbà tí a ti ń kọ̀wé sí yín, ẹ bá wa wo èyí náà: gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ti dí. Àwọn agbowó-orí sì ń já rìsíìtì oríṣi méjì fún owó kan náà.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé gbogbogbò wa. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní àwọn fẹ́ wá kí yín ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn pọ̀, pẹ̀lú ìbòjú iṣẹ́ lójú. A ní kí wọ́n ní sùúrù. Àwọn télọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì, tí orúkọ tiwọn náà wà lára ògiri, ti ń ránṣẹ́ sí wa. Àwa àgbà la di okùn mú, ọwọ́ sì ti ń ro wá. A óò fẹ́ ní èsì yín lọ́wọ́ láti kà fún wọn lọ́jọ́ náà.

Àwa ọmọ yín,

Alága, akọ̀wé, akápò àti gbogbo ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Olúkúlùkù ló kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni òun fọwọ́ sí.